Owó Bodè Orí Ọkọ̀ Ṣáínà: Ta Ni Ó Ń Jẹ Èrè Rẹ̀?

Díẹ̀ ló kù kí ìpàdé ẹ̀ka wa tí a ṣe kọjá ní Àgbàdo di ìjà, ohun tí ó sì mú wa kọ èyí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Ṣáínà ni. Awakọ̀ kan nínú wa dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n pa owó bodè orí ọkọ̀ rẹ́ pátápátá, kí mẹ̀kúnnù lè ra ọkọ̀ tuntun tí kò ní máa kú sójú ọ̀nà lójoojúmọ́. Ó ní bọ́ọ̀sì tí òun ń wà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún láyé, àti pé gbogbo owó tí òun bá rí lórí rẹ̀, mẹkáníìkì ló ń gbà á. Kò tíì jókòó tán tí ẹnì kan láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ fi dìde. Òun ní tirẹ̀ ní, bí wọ́n bá pa owó bodè rẹ́ lónìí, ọ̀la ni wọn yóò ti ilé iṣẹ́ òun pa, ṣé awakọ̀ ni yóò wá máa bọ́ àwọn ọmọ òun? Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí nàka sí ara wọn nìyẹn. Agogo ni alága fi pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́.

Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ariwo ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n a ti rò ó láti ìgbà náà, a ti bi àwọn tí ó mọ̀, a sì ti ka èyí tí agbára ìwé kíkà wa gbé. Ohun tí a rí ni pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, àti pé ẹni tí ó yẹ kí wọ́n jọ nàka sí kò sí nínú yàrá ìpàdé náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ayé ṣe rí. Ní 2023 ni Ṣáínà gba ipò kìíní lọ́wọ́ Jàpáànì nínú títa ọkọ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ọkọ̀ tí wọ́n kó jáde lọ́dún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5. Ní 2024, Amẹ́ríkà bu owó bodè 100% lé ọkọ̀ oníná mànàmáná tí ó bá ti Ṣáínà wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, àwọn ìjọba Yúróòpù fi tiwọn kún un: 17% fún BYD, 18.8% fún Geely, 35.3% fún SAIC, lórí 10% tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé ìjọba Ṣáínà ń fi owó ran àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń ta ọkọ̀ ní iye tí ẹlòmíràn kò lè bá wọn tà á. A kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà tí wọ́n ti ń wàásù fún wa tipẹ́tipẹ́ pé kí a ṣí bodè wa sílẹ̀ gbayawu, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sáré ti tiwọn nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá ń kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé.

Ọkọ̀ tí wọ́n bá lé lójúde ẹnì kan yóò wá ojúde ẹlòmíràn lọ. Ó ti ń dé ọ̀dọ̀ wa. GAC ni àwọn ọkọ̀ Lagride tí ìjọba Èkó gbé jáde ní 2022. Yutong ni àwọn bọ́ọ̀sì oníná tí Oando àti LAMATA gbé wọ Èkó ní 2023. Geely àti Changan náà ti rí ẹni tí ń bá wọn tò ó ní ilẹ̀ wa. Ojú irin tí ó gba Àgbàdo kọjá lọ sí Oyingbo, CCECC ti Ṣáínà ni ó tẹ́ ẹ. A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Àwa náà ń wọ reluwé yẹn, ó sì sàn ju kí a máa sùn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Abúlé-Ẹ̀gbá lọ.

Ìbẹ̀rù òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán, nítorí ojú wa ti rí i rí. Àwọn àgbà inú wa kò lè gbàgbé Volkswagen tí ó wà lójú ọ̀nà Badagry ní Òjó. Ní 1975 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀, ọdún kan náà pẹ̀lú Peugeot ní Kàdúná. Ìjàpá ni ó kọ́kọ́ mú un lókìkí, Passat àti Igala sì tẹ̀lé e. Igala yẹn, láti Bràsíl ni wọ́n ti ń di ẹ̀yà ara rẹ̀ sínú àpótí wá. Leyland wà ní Ìbàdàn, Anammco wà ní Enugu, Steyr wà ní Bauchi. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa níhìn-ín tí ó ṣe wẹ́dà ní Òjó láyé ọjọ́un. Títí di òní, bí ó bá jó irin méjì pọ̀, ẹ kò ní rí ojú ibi tí ó ti jó o. Àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń tún géètì ṣe nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí wọn yóò jó.

Kí ni ó pa iṣẹ́ náà? Ohun púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n náírà ni olórí wọn. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń ti òkè òkun wá, owó òkè òkun ni a sì fi ń rà á. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé SAP dé ní 1986 tí náírà ṣubú, iye owó àpótí kan gòkè débi tí ọwọ́ kò tó o mọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti ń ra Ìjàpá tuntun bẹ̀rẹ̀ sí wá tòkunbọ̀ kiri. Kí ọdún 2000 tó wọlé, Volkswagen ti kó ẹrù rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ohun èlò ọkọ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan: Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Ilẹ̀ tí rọ́bà ti ń hù nígbó, tí a ń wá ra táyà láti Ṣáínà!

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó dùn wá jù. Volkswagen kan náà tí ó wá sí Òjó ní 1975 bá Ṣáínà tọwọ́ bọ̀wé ní Shanghai ní 1984, ọdún 9 lẹ́yìn tiwa. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àpótí ń ti Jámánì wá, wọ́n ń tú u, wọ́n ń tò ó. Ní 1987, ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe lára ọkọ̀ Santana yẹn kò tó 3 nínú 100. Ṣùgbọ́n ìjọba wọn kò fi àlejò sílẹ̀ kí ó máa ṣe bí ó ti wù ú. Ará ilé ni ó ni ìdajì ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi dandan lé e pé ẹ̀yà tí a ń ṣe nílé gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ọdún 10 lẹ́yìn náà, ó ti lé ní 80 nínú 100. Àwọn tí wọ́n kọ́ bí a ti ń ṣe sítíárì, gíláàsì àti bíréèkì nígbà náà ni wọ́n tọ́ àwọn tí ń ba Jámánì lẹ́rù lónìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé Ṣáínà di ńlá nítorí pé ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó ń tàn yín ni. Ẹni tí ó bá sì sọ pé owó bodè nìkan ni ó sọ wọ́n di ńlá, irọ́ ni òun náà ń pa. Owó bodè wà, ṣùgbọ́n wọ́n so májẹ̀mú mọ́ ọn, wọ́n sì dúró ti májẹ̀mú náà.

Ìjọba wa gbìyànjú tirẹ̀ ní 2013, lásìkò Jonathan. Wọ́n ní ọkọ̀ tuntun tí a ti tò parí lókè òkun yóò san 35% owó bodè, yóò sì tún san 35% mìíràn lé e. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí a fẹ́ wá tò níhìn-ín yóò san 10%, tàbí 5%, tàbí kí ó má san nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí a bá ṣe tú u tó. Wọ́n fún ilé iṣẹ́ tí ó lé ní àádọ́ta ní ìwé àṣẹ. A yọ̀. A rò pé Òjó tún padà dé. Òótọ́ ni pé àwọn kan ṣe gudugudu méje, Innoson ní Nnewi sì wà lára wọn, òun ti wà kí ètò náà tó dé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní títo ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é mọ ohun tí ó jẹ́. Ọkọ̀ yóò dé nínú kọ́ńténà, wọ́n ti kùn ún lọ́dà, wọ́n ti rán àga sí i, ẹ́ńjìnnì ti wà níbẹ̀. Táyà, bátìrì àti bọ́ńpà ni ó kù kí a dè mọ́ ọn. Ọmọkùnrin mẹ́fà àti sípánà, iṣẹ́ ti parí. Ẹni tí ó wọ aṣọ fún ọmọ kọ́ ni ó bí i.

Òfin náà tilẹ̀ fi àyè kan sílẹ̀ tí ó yani lẹ́nu. Ẹni tí ó bá to ọkọ̀ 1 níhìn-ín ní ẹ̀tọ́ láti kó 2 tí a ti tò parí wọlé láìsan 35% kejì yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ oníṣòwò, èwo ni ẹ óò mú ní òwò gidi, títo 1 ni àbí títa 2?

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yí i padà. Láti oṣù kìíní 2017, wọ́n ní ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, kí ó gba èbúté nìkan. Gbogbo wa la sì mọ iye tí ó ṣì ń gba Sèmè àti Ìdí-Ìrókò wọlé lóru. Òfin ìnáwó 2020 gé owó bodè bọ́ọ̀sì ńlá láti 35% sí 10%, ó sì gé owó àfilé orí ọkọ̀ kékeré sí 5%. Ní 2022, wọ́n tún gbé e padà: 20% owó bodè, pẹ̀lú 20% lórí ọkọ̀ tuntun, 15% lórí tòkunbọ̀. Ní 2023, ètò tuntun jáde pé kí 40 nínú 100 ẹ̀yà ara ọkọ̀ máa jẹ́ èyí tí a ṣe nílé. Ta ni yóò fi owó ọdún mẹ́wàá ri mọ́lẹ̀ níbi tí òfin ti ń yí padà bí òjò àti oòrùn? Ọdún 2023 yẹn kan náà ni àwọn aṣòfin wa yan jíìpù Toyota láti òkè òkun fún ara wọn, tí àwọn ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ pé ó tó ₦160 mílíọ̀nù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìjọba àpapọ̀ ní láti ìsinsìnyí lọ, ohun tí a ṣe ní Nàìjíríà ni iléeṣẹ́ ìjọba yóò máa kọ́kọ́ rà. A gbọ́. Géètì ọgbà ọkọ̀ àwọn mínísítà ni a óò ti máa wò ó.

Ṣé ẹ rí i pé ẹlẹgbẹ́ wa awakọ̀ kò ṣìnà? Gbogbo owó yẹn, orí rẹ̀ ni ó ń já lé. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà. Táyà, ọ́ìlì, bátìrì, gbogbo rẹ̀ ló fò sókè. Ó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ó ń wá owó tí yóò jábọ̀ fún olówó ọkọ̀ kí ó tó wá ti ọmọ rẹ̀. Ó wo bọ́ọ̀sì Ṣáínà tuntun, ó rí i pé kò lè rà á láyé rẹ̀, ó sì gbọ́ pé owó bodè tí ó mú un wọ́n, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ni. Inú yóò bí i. Ṣùgbọ́n kí ó lọ bi òṣìṣẹ́ náà pé èló ni ó ń gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di tiwa gan-an nìyí. Àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé ará Ṣáínà burú, pé bí wọ́n ṣe máa ń lo ènìyàn ní ìlò ẹrú nìyẹn. A kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Òṣìṣẹ́ Ṣáínà pẹ̀lú ń jẹ ìyà. Ní oṣù karùn-ún 2010, ní ilé iṣẹ́ Honda tí ó ń ṣe jíà ọkọ̀ ní Foshan, àwọn òṣìṣẹ́ bí 1,800 daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń lò ní owó pọ́ọ́kú sì wà láàárín wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ibi tí Honda ti ń to ọkọ̀ ní Ṣáínà dúró, nítorí pé kò sí jíà tí wọn yóò fi sí i. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni òfin fàyè gbà níbẹ̀, abẹ́ ìjọba ni ó wà, àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ náà ní àdúgbò yẹn tilẹ̀ wá bá àwọn tí ó daṣẹ́ sílẹ̀ wọ̀yá ìjà. Síbẹ̀ àwọn ọmọ náà gba àfikún owó wọn. Bí ẹ bá mọ ohun tí ó ń gbà kí ènìyàn tó lè daṣẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáínà, ẹ óò ṣí fìlà fún wọn.

Ẹ gbọ́ ti Bràsíl náà. Ní ìlú Camaçari ní Bahia, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó àti Ọya títí di òní, Ford ní ilé iṣẹ́ ńlá kan. Ní 2021, Ford ní òun ti lọ. BYD ti Ṣáínà gba ibẹ̀, inú àwọn ará ìlú sì dùn pé iṣẹ́ ti dé. Ní oṣù kejìlá 2024, àwọn olùbẹ̀wò iṣẹ́ ti ìjọba Bràsíl wọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì bá òṣìṣẹ́ 163, ará Ṣáínà ni gbogbo wọn, ní ipò tí ìjọba náà pè ní ti ẹrú. Àwọn kan ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò ní tìmùtìmù. Níbì kan, ènìyàn 31 ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń jí ní aago mẹ́rin kí wọ́n lè tò débẹ̀. Wọ́n gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ wọn dúró. Nígbà tí ariwo ta, BYD ní abẹ́ òun kọ́ ni wọ́n wà, abẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan ni wọ́n wà, ó sì lé agbaṣẹ́ṣe náà. Agbaṣẹ́ṣe náà ní tirẹ̀ ní wọn kò sọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Abẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé gbólóhùn yẹn kò jọ ohun tí etí yín ti gbọ́ rí?

Ọmọkùnrin kan wà nínú wa tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ méjì. A kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà níhìn-ín, ẹ má sì bi wá bóyá ará Ṣáínà ni olówó rẹ̀, tàbí Íńdíà, tàbí ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire bí tiwa, nítorí gbogbo wọn la ti rí. Ọmọ náà ti ṣe iṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. “Kázúà” ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ kìíní. Kò ní ìwé ìgbàsíṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gé e, a gbé e dé ọ́fíìsì, àwọn ọ̀gá ní òṣìṣẹ́ àwọn kọ́, ti agbaṣẹ́ṣe ni. A gba ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe lọ, ó ní ẹ̀rọ tòun kọ́, ti ilé iṣẹ́ ni. Òfin ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa ti wà láti 2010, ó ní kí gbogbo agbanisíṣẹ́ máa san 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF nítorí irú ọjọ́ báyìí gan-an. Kò sí ẹni tí ó fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ ni ó dá owó oògùn rẹ̀. Àwa tí a kò gbowó ńlá ni a dá a, ilé iṣẹ́ tí ìjọba ń fi owó bodè ṣọ́ kò dá kọ́bọ̀.

Kì í ṣe pé a kò ní òfin. Òfin iṣẹ́ tí ó ti wà láti 1974 ní kí òṣìṣẹ́ tó pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fún un ní ìwé tí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta o, kì í ṣe ọdún mẹ́rin. Ìwé òfin ilẹ̀ wa, ní ẹ̀ka 40, fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Owó oṣù tí ó kéré jù di ₦70,000 ní oṣù keje 2024. Àwa la kàn jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ “kázúà” fo gbogbo rẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì rántí oṣù kẹsàn-án 2002, nígbà tí iná sọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú lóru, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru kí wọ́n má baà jí ẹrù. Ọ̀pọ̀ jóná mọ́ inú ilé. Àwọn kan nínú wọn kò sí nínú ìwé kankan, débi pé iye tí ó kú gan-an di àríyànjiyàn.

Nítorí náà, kí ni kí ẹgbẹ́ wa kọ sínú lẹ́tà sí ìjọba? Èrò tiwa ni pé kí a má kọ “ẹ pa owó bodè rẹ́,” kí a má sì kọ “ẹ fi kún un” lásán. Owó bodè kì í ti àpò Ṣáínà wá. Awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ ni ó ń san án, ó ń san án kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe. Ẹ̀bùn mẹ̀kúnnù fún mẹ̀kúnnù ni. Bí olówó ilé iṣẹ́ bá wá dúró láàárín, tí ó gba ẹ̀bùn náà, tí ó fi kázúà dí i, olè ni ó jà. Kí ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé ẹni tí ó bá ń jẹ àǹfààní owó bodè kékeré lórí ẹ̀yà ara ọkọ̀, òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè wọlé, owó NSITF àti ti ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ máa lọ. Ẹni tí kò bá ṣe é, kí ó san owó kíkún bí oníṣòwò lásán. Kí ilé iṣẹ́ má lè sá sẹ́yìn agbaṣẹ́ṣe. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ni ìka tí ẹ̀rọ gé.

Kí wọ́n sì ṣe ti ẹ̀yà ara ọkọ̀ bí Shanghai ti ṣe é, kí ó máa gòkè lọ́dọọdún, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí a ti mọ̀ ọ́n ṣe rí: táyà, bátìrì, àga, gíláàsì, wáyà. Kí wọ́n kéde rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Bràsíl náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n fi owó bodè sí 10%, wọ́n sì sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di 35% ní oṣù keje 2026. Olówó mọ ọjọ́, òṣìṣẹ́ mọ ọjọ́.

Ní ti awakọ̀, bọ́ọ̀sì tí ń gbé èrò kò yẹ kí ó san ohun tí jíìpù aṣòfin ń san. Kí ó wà nílẹ̀ títí tí ilé iṣẹ́ wa yóò fi lè tò tó iye tí Èkó nílò. Bí ìjọba bá tún fẹ́ gbé ọkọ̀ Ṣáínà jáde fún awakọ̀ láti máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí iye owó ojoojúmọ́ wà nínú ìwé, kí ó má lè yí padà lójú ọ̀nà, kí ẹgbẹ́ awakọ̀ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 14 lórí ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, kázúà ni òun náà, ó kàn jókòó ni.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní bí a bá há a mọ́ wọn lọ́rùn jù, àwọn olówó yóò kó lọ sí Ghana, níbi tí Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Accra ní 2020. A kò ní purọ́, ẹ̀rù náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọ̀gá ilé iṣẹ́ èyíkéyìí ohun tí ó ń jẹ èrè rẹ̀ mọ́ra, kò ní kọ́kọ́ dárúkọ ìwé ìgbàsíṣẹ́. Dísù tí ó ń rà sínú jẹnẹrétọ̀ ni yóò dárúkọ, ọ̀nà tí kò dára, èbúté, àti òfin tí ó ń yí padà. Michelin àti Dunlop kò sọ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó lé àwọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Awakọ̀ kò lè dá ìjọba dúró lórí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kò sì lè dá Èkó dúró bí awakọ̀ ti lè ṣe é. Ìdí nìyí tí ìjà ọjọ́ náà fi dùn wá.

Alága ti gbà pé kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àkọ́kọ́ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní ìwé, kí ó mú orúkọ rẹ̀ wá, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ń san owó fún un, àti ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Awakọ̀ tí ó bá gba ọkọ̀ tí ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó mú ìwé àdéhùn rẹ̀ wá, kí ó má fi owó pamọ́ fún wa nínú rẹ̀. A kò ní tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé ìròyìn yìí, a kò sì ní fi han ọ̀gá kankan. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, a óò bá a kọ ọ́.